Ọ̀rá Inú Ẹ̀dọ̀ àti Ohun Tó So Ó Mọ́ Àtọ̀gbẹ, Ẹ̀jẹ̀ Ríru àti Àrùn Ọkàn

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Ògbómọ̀ṣọ́ ló jẹ́ pé nígbà tí wọ́n lọ ya àwòrán inú ikùn nítorí nǹkan mìíràn, bóyá inú tó ń run wọ́n tàbí ìju tí wọ́n ń wá nínú ilé ọmọ, ni wọ́n kọ́kọ́ rí ọ̀rọ̀ náà "fatty liver" lórí ìwé àyẹ̀wò. Bí wọ́n bá béèrè ohun tí ó jẹ́, èsì tí wọ́n sábà máa ń rí gbà ni pé ọ̀rá wà lára ẹ̀dọ̀ wọn, kí wọ́n dín epo jíjẹ kù. Èsì náà kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n kò tó. Ẹni tí ó bá gba òun nìkan lọ sílé lè jáwọ́ nínú dòdò àti àkàrà, kí ó sì máa fi mínírà tútù lé àmàlà ní ojoojúmọ́, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tàbí yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ ṣe àlàyé yìí ní kíkún. Ọ̀rá tí ó wọ inú ẹ̀dọ̀ kì í dá rìn. Òun, àtọ̀gbẹ, ẹ̀jẹ̀ ríru, ọ̀rá tó pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ àti ikùn tó yọ síwájú, ohun kan náà ló sábà máa ń bí gbogbo wọn, ẹni tí ó bá sì rí ọ̀kan lára wọn gbọ́dọ̀ wá àwọn yòókù lọ.

Abẹ́ egungun ìhà ọ̀tún ni ẹ̀dọ̀ wà, ìwọ̀n rẹ̀ nínú àgbàlagbà sì tó nǹkan bíi kílò 1.5. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ tó ń ti ìfun bọ̀ kọ́kọ́ ń yà sí kí ó tó lọ sí ibòmíràn nínú ara. Òun ló ń tọ́jú ṣúgà pa mọ́ fún ìgbà tí ebi yóò pa wá, òun ló ń ṣe òróòro, òun ló ń ṣe púpọ̀ nínú kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù ara wa, òun náà ló sì ń fọ́ ọtí àti oògùn tí a bá gbé mì sí wẹ́wẹ́. Ọ̀rá díẹ̀ nínú rẹ̀ kì í ṣe àìsàn. Ìgbà tí ọ̀rá bá hàn nínú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ tó ju 5 lọ nínú 100 ni àwọn oníṣègùn ń pè é ní àìsàn. Inú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ gan-an ni ọ̀rá yìí ń kóra jọ sí, kò bo ẹ̀dọ̀ lẹ́yìn gẹ́gẹ́ bí ọ̀rá ṣe ń bo kíndìnrín ẹran tí a ń rà lọ́jà, nítorí náà kò sí àgbo tàbí omi gbígbóná kankan tí ó lè fọ̀ ọ́ dànù.

Fún ọdún pípẹ́, ohun tí gbogbo ènìyàn mọ̀ ni pé ọtí ló ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Ní ọdún 1980 ni oníṣègùn kan, Jurgen Ludwig, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Mayo Clinic ní Amẹ́ríkà kọ̀wé nípa àwọn aláìsàn tí ẹ̀dọ̀ wọn rí bí ti ọ̀mùtí, bẹ́ẹ̀ wọn kì í mutí, tàbí kí wọ́n kàn tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń pe àìsàn náà ní orúkọ tí kò sọ ju pé kì í ṣe ti ọtí lọ. Ní ọdún 2023, àwọn ẹgbẹ́ oníṣègùn ẹ̀dọ̀ ní Amẹ́ríkà, Yúróòpù àti Látìn Amẹ́ríkà fẹnu kò láti yí orúkọ náà padà sí MASLD, èyí tí ó fi hàn gbangba pé bí ara ṣe ń lo oúnjẹ ni ó ti dàrú. Inú mi dùn sí àyípadà yìí. Ní ìlú tí àwọn Onítẹ̀bọmi àti Mùsùlùmí pọ̀ sí bíi tiwa, ẹni tí kò fi ọtí kan ẹnu rí láyé rẹ̀ kò yẹ kí ó máa fi ìtìjú gbé ìwé àyẹ̀wò pa mọ́ fún àwọn ará ilé rẹ̀.

Kí a tó lè rí ohun tó so àwọn àìsàn wọ̀nyí pọ̀, a ní láti mọ iṣẹ́ tí ínsúlínì ń ṣe. Ẹ̀yà ara kékeré kan lẹ́yìn agbẹ̀du ló máa ń tú u sínú ẹ̀jẹ̀ nígbà tí a bá jẹun. Ó ń ṣílẹ̀kùn fún ṣúgà láti wọ inú ẹran ara, ó ń pàṣẹ fún ẹ̀dọ̀ pé kí ó dẹ́kun títú ṣúgà sínú ẹ̀jẹ̀, ó sì ń pàṣẹ fún ọ̀rá abẹ́ awọ pé kí ó di ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ mú. Nígbà tí oúnjẹ bá ń pọ̀ ju ohun tí ara ń lò lọ fún ọdún púpọ̀, ara á bẹ̀rẹ̀ sí í kọ etí dídi sí ínsúlínì. Ara á wá máa tú u jáde púpọ̀ sí i kí àṣẹ náà lè múlẹ̀, títí agbára rẹ̀ yóò fi pin.

Ọ̀rá abẹ́ awọ dà bí àká tí àgbẹ̀ ń kó àgbàdo sí. Bí àyè bá ṣì wà nínú àká, àgbàdo wà níbi tó yẹ kí ó wà, kò sì pa ẹnikẹ́ni lára. Ṣùgbọ́n bí àká bá kún tí ìkórè kò sì dáwọ́ dúró, àgbàdo á bẹ̀rẹ̀ sí í wọ yàrá tí àwọn ènìyàn ń sùn. Ẹ̀dọ̀ ni yàrá tí ọ̀rá kọ́kọ́ ń yà wọ̀, ó sì tún ń wọ inú ikùn láàrin ìfun. Àká oníkálukú kò tóbi bákan náà, ìdílé tí a ti wá ló sì ń pinnu púpọ̀ nínú rẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi ń rí obìnrin tó sanra dáadáa ní ìdí tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ sì mọ́ tónítóní, tí a sì tún ń rí ọkùnrin tínrín tó jẹ́ pé ikùn rẹ̀ nìkan ló yọ síwájú, tí ọ̀rá sì ti kún ẹ̀dọ̀ rẹ̀. Ìwọ̀n orí òṣùwọ̀n nìkan kò tó fún wa láti dájọ́.

Ibo gan-an ni ọ̀rá náà ti ń wá? Ibí ni ọ̀rọ̀ ti máa ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu jù. Àwọn onímọ̀ kan tọpasẹ̀ ọ̀rá inú ẹ̀dọ̀ àwọn tó ní àìsàn náà, ìwádìí wọn sì jáde ní ọdún 2005. Nínú ọ̀rá 100 tí wọ́n bá níbẹ̀, nǹkan bí 59 jẹ́ èyí tí ọ̀rá ara fúnra rẹ̀ tú sínú ẹ̀jẹ̀ nítorí pé kò gbọ́ràn sí ínsúlínì lẹ́nu mọ́. 26 jẹ́ èyí tí ẹ̀dọ̀ fi ṣúgà àti oúnjẹ oníṣúgà ṣe. 15 péré ni ó wá tààrà láti inú ọ̀rá tí wọ́n jẹ. Ẹni tó ń sá fún epo pupa nìkan, tí kò sì wo ṣúgà, ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà tó kéré jù lọ.

Ṣúgà funfun tí a ń pò mọ́ nǹkan ní èròjà méjì nínú. Èkíní ni gúlúkóòsì, èyí tí gbogbo ara ń lò. Èkejì ni fúrúkítóòsì, èyí tí ẹ̀dọ̀ ló ń gba púpọ̀ jù nínú rẹ̀, tí ó sì rọrùn fún un láti sọ di ọ̀rá bí ó bá dé lójijì tí ó sì pọ̀. Ohun mímu ni ó ń gbé e dé lójijì bẹ́ẹ̀. Ẹ ka ara ìgò tí ẹ bá rà: ọ̀pọ̀ nínú wọn ní nǹkan bíi gíráàmù 10 ṣúgà nínú mílílítà 100, èyí tó túmọ̀ sí pé ìgò 50cl kan ń gbé gíráàmù 50 wọlé. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní ọdún 2015 pé kí ṣúgà tí a ń fi kún oúnjẹ àti ohun mímu má ṣe kọjá ìdá kan nínú mẹ́wàá agbára oúnjẹ òòjọ́, èyí tó jẹ́ nǹkan bíi gíráàmù 50 fún ọ̀pọ̀ àgbàlagbà, wọ́n sì sọ pé ìdajì rẹ̀ sàn jù. Ìgò kan ṣoṣo ti gba gbogbo rẹ̀ tán. Àwọn tó ń fi mínírà ṣínu nígbà ààwẹ̀ nílò láti ronú sí èyí, nítorí pé ara tí kò tíì rí nǹkan jẹ láti àárọ̀ ni ṣúgà náà ń já lé lórí. Ti máńgòrò yàtọ̀ díẹ̀. Ṣúgà wà nínú rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí a bá fi eyín jẹ ẹ́, okùn inú rẹ̀ kì í jẹ́ kí ṣúgà náà sáré, ènìyàn kì í sì í jẹ púpọ̀ kí ó tó yó. Bí a bá fún omi rẹ̀ mu, a ti sọ ọ́ di mínírà.

Lẹ́yìn ṣúgà ni òkèlè. A kì í ṣàìmọ̀ pé Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ń kì ní ibi tí wọ́n ti ń jẹ ọkà kí wọ́n tó mu ẹ̀kọ yangan, n kò sì sọ pé kí ẹnikẹ́ni kọ láfún baba rẹ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n láfún, ẹ̀bà, fùfú, ìrẹsì àti búrẹ́dì funfun ń di gúlúkóòsì nínú ìfun kíákíá, ẹni tó ń jẹ òkèlè ńlá mẹ́rin lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, tó sì ń jókòó nídìí ọjà tàbí nínú ọ́fíìsì láti àárọ̀ dé alẹ́, kò rí ibi ná agbára tó jẹ. Àwọn baba wa jẹ òkèlè tó tóbi jù báyìí lọ, oko tí wọ́n ń rìn lọ sì jìnnà. Ọ̀kadà àti kẹ̀kẹ́ Máàrúwá ti gba ìrìn yẹn lọ́wọ́ wa, abọ́ oúnjẹ kò sì kéré sí i. Ohun tí mo máa ń dá lábàá ni kí òkèlè dín sí ìdajì, kí ẹ̀fọ́ rírò tàbí ilá gba àyè rẹ̀, kí ẹja tàbí ẹ̀wà tẹ̀lé e, kí a sì fi omi lé e.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a padà sí ẹ̀dọ̀ tí ọ̀rá ti kún, kí a wo ohun tí ó ń ṣe sí ara yòókù. Ọ̀pọ̀ àwọn alátọ̀gbẹ ló máa ń bínú pé, "Mi ò jẹ nǹkan kan láti alẹ́ àná, báwo ni ṣúgà mi ṣe tún ga láàárọ̀ yìí?" Àwọn mìíràn a tilẹ̀ rò pé ẹ̀rọ àyẹ̀wò ló bàjẹ́. Ẹ̀dọ̀ ni ó fà á. Ní òru, ẹ̀dọ̀ ló ń tú ṣúgà sínú ẹ̀jẹ̀ kí ọpọlọ lè rí oúnjẹ, ínsúlínì sì ni ó ń sọ fún un ìgbà tí ó tó. Ẹ̀dọ̀ tí kò gbọ́ àṣẹ náà mọ́ á máa tú u lọ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ẹni tí ó ní ọ̀rá nínú ẹ̀dọ̀ tí kò tíì ní àtọ̀gbẹ wà nínú ewu rẹ̀ ní ìlọ́po méjì ẹni tí kò ní in. Ní ìdà kejì ẹ̀wẹ̀, ó ju ìdajì àwọn alátọ̀gbẹ irú kejì, èyí tó wọ́pọ̀ láàrin àgbàlagbà, lọ tí ọ̀rá wà nínú ẹ̀dọ̀ wọn.

Ẹ̀dọ̀ náà tún ń gbìyànjú láti dín ẹrù rẹ̀ kù nípa kíkó ọ̀rá jáde sínú ẹ̀jẹ̀. Báyìí ni irú ọ̀rá tí wọ́n ń pè ní tíráígílísẹ́ráìdì ṣe ń ga, tí kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù rere, ìyẹn HDL, sì ń lọ sílẹ̀. Ínsúlínì tó pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ ń mú kí kíndìnrín di iyọ̀ mú, ìfúnpá á sì máa gòkè. Gbogbo èyí ń ṣẹlẹ̀ sí òpó ẹ̀jẹ̀ kan náà lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé ohun tó ń pa àwọn tó ní ọ̀rá nínú ẹ̀dọ̀ jù ni àrùn ọkàn àti ti òpó ẹ̀jẹ̀, kì í ṣe ẹ̀dọ̀ fúnra rẹ̀. Àrùn rọpárọsẹ̀ wà nínú rẹ̀, àìsàn kíndìnrín náà kò sì jìnnà. Bí mo bá ní kí òǹkàwé kan mú ohun kan ṣoṣo lọ sílé láti inú gbogbo ohun tí mo ti kọ, èyí ni mo máa yàn, nítorí ó ń yí ohun tí a máa béèrè lọ́wọ́ dókítà padà.

Ti ẹ̀dọ̀ gan-an ń lọ ní ìpele. Nínú ọ̀pọ̀ ènìyàn, ọ̀rá náà á kàn jókòó síbẹ̀. Nínú àwọn kan, ẹ̀dọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í wú, sẹ́ẹ̀lì á máa kú, àpá á sì máa gba ipò wọn. Àwọn oníṣègùn ń ka àpá yìí láti 0 dé 4. Ìpele kẹrin ni ìgbà tí ẹ̀dọ̀ ti le gbagidi, tí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ sì lè tibẹ̀ jáde. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ó máa ń gbà, àmì kankan sì lè má sí yàtọ̀ sí ó rẹ̀ mí ṣáá tàbí ìrora wẹ́rẹ́ ní ìhà ọ̀tún. Ojú tó pọ́n bí ìyeyè, ikùn tó kún fún omi, ẹsẹ̀ wíwú, èébì tó ní ẹ̀jẹ̀ nínú àti iyè tó ń rá jẹ́ àmì ìgbẹ̀yìn, ilé ìwòsàn ni wọ́n gbọ́dọ̀ gbé ẹni bẹ́ẹ̀ lọ lójú ẹsẹ̀.

Ohun méjì ló ń mú kí ọ̀rọ̀ yìí le sí i ní ilẹ̀ wa. Àkọ́kọ́ ni àrùn mẹ́dọ̀wú B. Ìwádìí tí ìjọba àpapọ̀ ṣe jákèjádò Nàìjíríà ní ọdún 2018 fi hàn pé nǹkan bí 8 nínú àgbàlagbà 100 ló ní in. Kòkòrò náà àti ọ̀rá lè jọ máa ba ẹ̀dọ̀ kan náà jẹ́, nítorí náà ẹni tí wọ́n bá sọ fún pé ọ̀rá wà nínú ẹ̀dọ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣe àyẹ̀wò mẹ́dọ̀wú B àti C, kí ó sì gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ti B bí kò bá tíì ní in. Ìkejì ni àgbo. N kò bá ìṣègùn ìbílẹ̀ jà, ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀ ni ó ń fọ́ gbogbo egbò àti ewé tí a bá mu, ẹ̀rí sì wà pé àwọn kan nínú wọn ń pa ẹ̀dọ̀ lára. Àgbo jẹ̀díjẹ̀dí tí wọ́n fi ògógóró rẹ, tí ènìyàn ń mu ní ṣọ́ọ̀tì méjì láràárọ̀, ọtí ni. Ẹni tó ti ní ọ̀rá nínú ẹ̀dọ̀ kò yẹ kí ó fi kún un, kò sì yẹ kí ó san owó fún ohun tí wọ́n ń polówó pé ó ń fọ ẹ̀dọ̀.

Nípa àyẹ̀wò, ọ̀dọ̀ aránṣọ ni ènìyàn lè ti bẹ̀rẹ̀. Kí ó fi tépù wọn àyíká ikùn, láàrin egungun ìhà tó gbẹ̀yìn àti egungun ìbàdí, láìfa ikùn wọlé. Ohun tó bá ju sẹ̀ǹtímítà 94 lọ fún ọkùnrin, èyí tó jẹ́ íǹṣì 37, tàbí 80 fún obìnrin, èyí tó lé díẹ̀ ní íǹṣì 31, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn àmì márùn-ún tí orúkọ tuntun náà, MASLD, dúró lé. Àwọn yòókù ni ìfúnpá tó dé 130/85, ṣúgà ààwẹ̀, ìyẹn èyí tí wọ́n yẹ̀ wò kí a tó jẹun láàárọ̀, tó dé 100 mg/dL, tíráígílísẹ́ráìdì tó dé 150 mg/dL, àti HDL tí kò kọjá 40 fún ọkùnrin tàbí 50 fún obìnrin. Ẹni tí ó ti ń lo oògùn fún èyíkéyìí nínú wọn ti ní àmì náà, bí oògùn náà tilẹ̀ ti mú un wálẹ̀. Ọ̀kan péré pẹ̀lú ọ̀rá inú ẹ̀dọ̀ ti tó fún dókítà láti mọ ohun tó ń bá jà.

Àwòrán inú ikùn tí wọ́n fi ìró yà dára, ṣùgbọ́n ó lè má rí ọ̀rá tí kò tíì pọ̀, kò sì lè sọ bí àpá ṣe pọ̀ tó. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ẹ̀dọ̀ náà lè dára pátápátá kí àpá sì wà níbẹ̀. Nítorí èyí ni àwọn dókítà fi ń ṣe ìṣirò kan tí wọ́n ń pè ní FIB-4, èyí tí wọ́n ń fi ọjọ́ orí, AST àti ALT (èròjà méjì tí wọ́n ń wọ̀n nínú àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ẹ̀dọ̀), àti iye plátílẹ́ẹ̀tì (èyí tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dì) ṣe. Kò ná wa ní nǹkan kan ju àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí a ti ṣe lọ. Bí èsì bá wà lábẹ́ 1.3, ó ṣeé ṣe jù pé àpá ńlá kò sí níbẹ̀. Bí ó bá ju 2.67 lọ, ó yẹ kí amòye ẹ̀dọ̀ rí ẹni náà. Fún ẹni tó ju ọdún 65 lọ, 2.0 ni wọ́n ń lò dípò 1.3. Iṣẹ́ ìṣègùn òyìnbó ti wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ láti ọdún 1907 tí àwọn Onítẹ̀bọmi ti dá ilé ìwòsàn sílẹ̀, ìlú náà sì ní ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ Bowen àti ti LAUTECH lónìí, nítorí náà kò yẹ kí ìwé àyẹ̀wò ẹnikẹ́ni parí sínú àpótí.

Ìtọ́jú tí ẹ̀rí rẹ̀ dájú jù ni kí ìwọ̀n ara dínkù. Ẹni tó wọn kílò 90 tí ó bá sọ kílò 4 àbọ̀ nù, ìyẹn 5 nínú 100, ọ̀rá ẹ̀dọ̀ rẹ̀ á ti bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Láti 7 sí 10 nínú 100, ẹ̀dọ̀ tó wú lè rọlẹ̀. Bí ó bá dé kílò 9 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, àpá pàápàá lè dínkù. Kí ó lọ díẹ̀díẹ̀, nítorí ebi àpafẹ́rẹ̀ẹ́kú tí ń sọ ara di egungun lọ́sẹ̀ méjì lè mú àìsàn ẹ̀dọ̀ náà burú sí i. Ìrìn kíákíá fún ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀ ń dín ọ̀rá ẹ̀dọ̀ kù, kódà bí òṣùwọ̀n kò bá yí padà. Ẹni tó bá fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí Ọjà Jagun dípò kí ó gun ọ̀kadà ti ń san díẹ̀ nínú rẹ̀. Ti ọtí, ìgò bíà 60cl tí agbára rẹ̀ jẹ́ 5 nínú 100 ń gbé nǹkan bíi gíráàmù 24 ọtí gidi. Ẹni tí ọ̀rá ti wà nínú ẹ̀dọ̀ rẹ̀ yóò ṣe ara rẹ̀ lóore bí ó bá fi í sílẹ̀ pátápátá, nítorí ọtí àti ṣúgà ń ran ara wọn lọ́wọ́ nínú ẹ̀dọ̀ kan náà.

Oògùn ti ń jáde. Ní oṣù kẹta ọdún 2024, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí resmetirom fún àwọn tí ẹ̀dọ̀ wọn ti wú tí àpá sì ti wà níbẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2025 ni wọ́n fọwọ́ sí semaglutide fún wọn náà. Oògùn àwọn tó ti dé ìpele àpá ni, kì í ṣe ti ẹni tí ó kàn ní ọ̀rá. Oògùn tó wà nítòsí wa, tó sì ń gba ẹ̀mí là lójoojúmọ́, ni ti ìfúnpá, ti ṣúgà àti ti kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù. Àwọn kan ti dá statin, oògùn tó ń mú kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù wálẹ̀, dúró nítorí wọ́n gbọ́ pé ẹ̀dọ̀ wọn kò dára. Èyí ń dùn mí, torí pé statin kò léwu fún ẹni tó ní ọ̀rá nínú ẹ̀dọ̀, àrùn ọkàn tó ń dènà sì ni ó súnmọ́ ẹni náà jù. Ẹni tó bá ní iyèméjì, kí ó béèrè lọ́wọ́ dókítà rẹ̀ kí ó tó dá a dúró.

Lẹ́yìn gbogbo èyí, kí ènìyàn mọ ìgbà tí yóò padà. Ẹni tí FIB-4 rẹ̀ kéré tí kò sì ní àtọ̀gbẹ lè tún un ṣe lẹ́yìn ọdún 2 tàbí 3. Ẹni tí ó ní àtọ̀gbẹ, tàbí tí ó ní méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú àwọn àmì márùn-ún náà, kí ó máa ṣe é ní ọdún kan sí méjì síra, kí ó sì mú àwọn èsì àtijọ́ dání kí dókítà lè fi wọ́n wé ara wọn.